Kíláàsì Tí Orí Wa Wà

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ títí, mo kí iṣẹ́, mo kí onílé rẹ tí kì í dáhùn ìkíni. Ara wa le. Ẹni tó rán òbí rẹ̀ lọ rí dókítà, ọmọ tirẹ̀ náà á tọ́jú rẹ̀. O ṣeun, o ṣeun, mi ò lè dúpẹ́ tán.

Èmi àti bàbá rẹ ti lọ rí dókítà irun tí o ní ká lọ rí. Wọ́n ya orí ọkùnrin méje sára ògiri, irun ẹni kìíní kún dáadáa, ti ẹni keje ṣẹ́ kù bí ọgbà yíká ẹ̀yìn etí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bi dókítà bóyá ó ṣì wà láyé. Ó ní àwòrán ni, òun fi ń mọ ibi tí orí pípá dé ni. Bàbá rẹ bọ́ sí ìkarùn-ún. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ò jókòó ní kíláàsì kan lẹ́ẹ̀mejì rí, ìgbà wo ni ìkẹfà? Dókítà ní ẹlòmíràn máa ń pẹ́ lójú kan. Bàbá rẹ ní àwọn olódo nìyẹn.

Mẹ́ta péré ni ti obìnrin. Ó fi òòyà ya irun mi láàárín, ó tan iná sí i, ó ní ìkíní ni mí. Omi bọ́ lójú mi, pẹ̀lú ìwé tí mo kà yìí, kíláàsì àwọn ọmọdé. Ó ní rárá o, ìkíní ló fúyẹ́ jù, irun iwájú ò sún sẹ́yìn, àárín ló kàn ń fẹ̀, kì í ṣe àìsàn burúkú, ó sì sàn kéèyàn tètè tọ́jú rẹ̀. Ọkàn mi tó ti ń já láti ọjọ́ yìí wá balẹ̀.

Ó wá bi mí bóyá ẹlòmíràn ní i nínú ẹbí, mo ní kò sí. Ilé ni mo dé kí n tó rántí pé ìwọ lo ní kí n jẹ́ kó wo àárín orí mi. Èmi ò sọ̀rọ̀ àárín orí fún ọ rí. Mo sì rántí bí ooru ṣe mú nígbà tí o wá gbẹ̀yìn, tí o dé fìlà sùn, tí mo ń bínú pé kí lọmọbìnrin yìí ń fi pa mọ́ fún mi.

Ọmọ mi, lọ rí dókítà. Owó oògùn tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, fi tọ́jú tìrẹ ṣáájú. Bó bá ṣẹ́ kù, bàbá rẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún fìlà tí kò ní bo kíláàsì rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Orí rẹ á gbè ọ́, ì báà nírun, ì báà má nírun. Bó o bá tún wálé, ṣí fìlà yẹn láti ẹnu ọ̀nà.

Èmi ni ìyá rẹ, ìkíní nínú mẹ́ta. Mo ti gba àyè dè ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.