Má Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Màmá Tina

Kerlann, lábẹ́ Òkè Are,
Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́.

Levenez, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Paris. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí àtẹ̀gùn gíga ilé àwọn ọ̀gá rẹ yẹn má sì ṣe ba orúnkún rẹ jẹ́. Bàbá rẹ ń kí ọ. Azenor ọmọ rẹ wà láàyè. Mo tètè kọ ìyẹn síwájú kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń kọ̀wé yìí, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Nínú lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, o ní o ti ra ìborùn kan fún Màmá Tina Roparz, o sì ní bí o bá dé fún àjọ̀dún ìjọ wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ pé ó wo ọmọ rẹ. Levenez, mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. O ti pẹ́ láàárín àwọn tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn ṣílẹ̀kùn, o sì ti gbàgbé bí nǹkan ṣe rí nílé.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí ọ pé ara ọmọ ti ń yá, òótọ́ ni mo sọ. Ṣáájú ìgbà náà, kókó tó yọ sí abíyá rẹ̀ ti tóbi tó ẹyin adìẹ. Dókítà wá láti ìlú, ó ní ká máa fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, òun á padà wá wò ó. A tẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kò lè gbé apá mọ́, mo pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ Màmá Tina létí irà. Ó pọfọ̀ pé kókó náà ní ọmọ mẹ́sàn-án, ó sì kà wọ́n láti orí mẹ́sàn-án wálẹ̀ sí òfo láì mí, bó ṣe kà á fún ìwọ náà nígbà tí o wà ní kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìrì tó gbẹ, èmi àti òun jọ lọ já ewé ìwòsàn tí à ń pè ní Àgbélébùú. A bọ́ bàtà onígi wa, a kò mú irin kankan dání, kódà mo yọ gbogbo ìkótí tó wà ní irun mi, a kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ó ní kí n so ewé náà sínú ihò èéfín ààrò, pé bó bá ṣe ń gbẹ ni kókó náà á máa gbẹ.

Ó wá kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Barba, Ọlọ́run ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pẹ́nrẹ́n, ẹ ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn, àìsàn á sì padà wá bá yín."

Bàbá rẹ mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ó lọ sọ́jà ẹṣin, ó mu ọtí ápù, inú rẹ̀ sì ń dùn torí pé Azenor ti ń sáré lé adìẹ. Bó ṣe rí Màmá Tina báyìí, ó ṣí fìlà, ó pariwo láàárín èrò: "Màmá, ẹ ṣeun o! Ẹ ṣeun gan-an ni! Ẹ ti bá wa gba ọmọ wa là!" Ó délé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ròyìn rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ṣe nǹkan gidi. Ọwọ́ mi dúró nínú ìyẹ̀fun tí mo ń pò. Mo ní, "Laou, kí lo sọ?" Ó fẹ́ tún un sọ, ó dé àárín, ẹnu rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kílẹ̀ tó mọ́, ara ọmọ ti gbóná bí iná. Mo fọwọ́ kan ewé inú ààrò, ó ti rin, ó tutù nini. Bàbá rẹ ní òjò ló gba ihò èéfín wọlé. Ó lè jẹ́ òjò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò kọ́ ló wú abíyá ọmọ padà.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Màmá Tina. Mi ò tíì kan ilẹ̀kùn tó fi dáhùn láti inú ilé: "Mo ti ń retí ẹ. Ẹnu ọkọ ẹ yẹn, abẹ́rẹ́ ló yẹ ká fi rán an." Mo ń sunkún, mo bi í pé kí ni kí a ṣe. Ó ní, "Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti dúpẹ́, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn náà ni kẹ́ ẹ ti gbà á padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bú mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bú mi dáadáa, má fi mí ṣeré o." Mo ní, "Màmá, mi ò lè bú yín." Ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé o wá lè sin ọmọ náà ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo ìjọ. Mo ní, "Tina Roparz, arúgbó burúkú!" Ohùn mi kò ròkè. Ó rọra sún mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Fàdá ò gbọ́ ìyẹn." Mo bá la ẹnu tán pátápátá: "Ewé tí ewúrẹ́ kọ̀ lo já fún ọmọ mi! Kí lo ṣe fún mi rí? Òfo! Padà sínú irà rẹ lọ bá àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ!" Àwọn obìnrin ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Fàdá ní mi ò ní fẹnu kan oúnjẹ mímọ́ títí màá fi lọ bẹ Màmá Tina. Mi ò sì lè bẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀bẹ̀ á pa èébú náà rẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń kí mi nídìí kànga. Ara ọmọ ti rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kókó náà ṣì wà, ewé náà kò sì tíì gbẹ. Ní àràárọ̀ ni mo máa ń fọwọ́ kàn án wò.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà níbẹ̀. Màmá Tina ń wúkọ́ gan-an báyìí. Mi ò lè gbé wàrà lọ fún un, torí oore tí mo bá ṣe é, ọpẹ́ ni. Gbogbo àwọn ọmọ tó wò ní ìjọ yìí, ìwọ náà wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó lè lọ kí i. Bó bá kú lọ́la, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ni ohun tó gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu mi. Ó dùn mí, Levenez, ó dùn mí wọra.

Nítorí náà, bí o bá bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè tí o sì pàdé rẹ̀, gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá kí ọ, yínmú sí i. Mo mọ̀ pé mi ò tọ́ ọ báyẹn.

Kí Ánnà Mímọ́ ìyá gbogbo wa máa ṣọ́ ọ. Kí ojú ọ̀nà là fún ọ, kí o bá ọmọ rẹ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n má ṣe fi ẹkún pàdé rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Barba.

Àfikún: Mi ò tíì fi ìwé yìí ránṣẹ́ tí ìborùn tí o rà fún Màmá Tina fi ti ọwọ́ onílẹ́tà dé ṣáájú rẹ. Mi ò lè dá a padà, mi ò sì lè fi ta á lọ́rẹ. Mo gbé e lọ, mo jù ú kọjá ògiri rẹ̀ sáàárín èsìsì, mo sì pariwo pé, "Tina, wá kó pàǹtí rẹ! Ajá wa ò gbà láti sùn lé e!" Ó jáde, ó wo ìborùn, ó wò mí. Ó ní, "Ìyá aláìnítìjú." Ní Máàsì òwúrọ̀ yìí, mo rí i léjìká rẹ̀. Mo gbé ojú kúrò kíá, torí mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn náà ti di ọpẹ́. Mo sáré délé, mo fọwọ́ kan ewé náà. Ó ti gbẹ, ó rún sí mi lọ́wọ́. Azenor ń sùn nínú ibùsùn onílẹ̀kùn wa tó dà bí àpótí. Mo rọra gbé apá rẹ̀ sókè, kò ké. Síbẹ̀, ọmọ mi, di ẹnu rẹ mú.