Iná Ọ̀sán Lójú Eérú

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹfà

Alága tún bá bọ́ọ̀sì lọ. Ìyàwó mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan o. Tó bá gbọ́, mo gbé. Eérú ni píkọ́ọ̀pù mi, àwọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti nù ún láti àárọ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò pàtàkì. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìbejì." Ó kọrí sí ibùdókọ̀.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì báyìí. Kí n tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, torí n kò tíì lè jókòó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àfonífojì, láàárọ̀, kùrukùru bolẹ̀. Tírélà kan fẹ́ ya òmíràn sílẹ̀, ó sì yọ sí wa lójú gan-an. Mo gbé Eérú wọ inú koríko. Tírélà gé dígí ẹ̀gbẹ́ mi lọ — dígí nìkan, ọpẹ́ ni. Awakọ̀ náà sáré padà wá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí yín rárá. Mọ́tò yín àti kùrukùru, àwọ̀ kan náà ni." Alága sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò wọ Eérú mọ́.

Ẹlòmíì á ní kí ló wá ṣe mí, ṣebí bọ́ọ̀sì wà. Ó ṣe mí o. Káfíńtà ni mí, òun ni ọ̀gá ilé ìfọṣọ ní ilé-ìwòsàn; tí a bá fi máa délé, ó ti rẹ kálukú, a jẹun, a sùn. Inú Eérú la ti ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ la ti pinnu ilé-ìwé tí àwọn ìbejì máa lọ. Ibẹ̀ la ti ń jà, ibẹ̀ la ti ń parí ẹ̀. A jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Mo ti fi dígí tuntun sí i. Alága ò wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo gbé ṣẹ́ẹ̀fù lọ fún wọn ní ilé-ìwòsàn, mo bá rí ọmọ ìyá Eérú níbẹ̀. Ojú kan náà, ìdí kan náà. Àmọ́ ọ̀sán gangan ni o, iná kéékèèké méjì ń tàn lábẹ́ iná ńlá iwájú rẹ̀ — funfun, jẹ́jẹ́, kò gún ni lójú. Mo lóṣòó síwájú rẹ̀ títí dókítà tó ni ín fi bi mí, "Bàbá, ṣé nǹkan yín kan sọnù ni?"

Ó ní iná ọ̀sán ni. Bí òun bá ti yí kọ́kọ́rọ́, fúnra rẹ̀ ló ń tàn. Bí òun bá pa mọ́tò, á kú. "Kì í ṣe kí n lè ríran o. Kí wọ́n lè rí mi ni."

Mo sáré padà sídìí Eérú. Ojú ibẹ̀ gan-an, ike dúdú méjì. Mo kàn án, ó dún bí ohun tó ní ihò lẹ́yìn. Àwọn tó ṣe é ti fi àyè iná sílẹ̀! Torí pé irú tí apá mi ká ni mo rà, wọ́n fi ike dí ihò náà, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo dá nìkan rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Èmi yóò fi iná ọ̀sán sí Eérú, Alága yóò sì padà sí ìjókòó rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Ìkánjú. Mo ra iná tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, èyí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ó tàn — ó ní àwọ̀ ẹ̀lú, ó tún ń ṣẹ́jú. Alága gbé abọ́ omi jáde, ó dúró. "Ṣé ọjà lẹ fẹ́ máa polówó ni?" Ó da omi rẹ̀ nù, ó wọlé. Kó tó dalẹ́, apá kan ti já, ó ń fì dirodiro níwájú bọ́ḿpà.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Mo yọ ọ́. Gọ́ọ̀mù ò fẹ́ kúrò lára bọ́ḿpà, kò sì fẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 11

Mo lọ bá Ìyá Bọ́ḿpà, ìyẹn obìnrin tó ń ta àlòkù ara mọ́tò. Mo ní irú tó ti ilé-iṣẹ́ wá gan-an ni mo fẹ́, kì í ṣe ẹ̀dà. Ó wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ, ó pẹ́, ó kó méjì bọ̀ pẹ̀lú ike tó ń yí wọn ká. Mo bi í bóyá mọ́tò tó ti yọ wọ́n jàǹbá. Ó ní, "Ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbá a. Iwájú ẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀."

Mo délé, mo yọ ike dúdú, mo ti iná sínú ihò — kọ́! Ó wọlé. N kò lu ihò kankan, n kò fi ayùn kàn án. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn, mo mọ bó ṣe ń rí lára tí nǹkan bá bá ojú ara rẹ̀ mu. Inú mi dùn kọjá àlà.

Ọjọ́rú, 13

Mo so wáyà wọn mọ́ bátìrì fúnra mi. Wọ́n tàn! Ta ló ní àfi rìwáyà, oníná mọ́tò, ló lè ṣe é?

Ọjọ́bọ̀, 14

Àfi rìwáyà. Iná tàn mọ́jú, bátìrì kú, Eérú ò dún pínkín.

Alága ń kọjá lọ. "Ó jọ pé ẹ̀yin náà á wọ bọ́ọ̀sì lónìí." A jọ wọ̀ ọ́. Ó jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi wà ní ìdúró lẹ́yìn, garawa ọ̀dà ẹnì kan wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo rí i pé ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra ṣá.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Rìwáyà dé. Ó-Kù-Díẹ̀ lorúkọ tí mo sọ ọ́, torí kò sí ìgbà tí èèyàn bi í léèrè iṣẹ́ tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ó wo wáyà tí mo so, ó pa àtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá káfíńtà, a kì í so ó mọ́ bátìrì báyẹn. Wáyà kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ ló máa ń jí. Òun la máa wá. Tẹ́ ẹ bá pa mọ́tò, òun náà á sùn." Ó ní iná yẹn gbọ́dọ̀ ní fíúsì tirẹ̀. Ó tún fẹ́ so ó mọ́ iná ńlá, kí ó lè máa rẹlẹ̀ bí iná ńlá bá tàn lálẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó wọ abẹ́ Eérú. Mo bi í lọ́sàn-án: ó kù díẹ̀. Mo bi í nírọ̀lẹ́: ó kù díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Ó parí! Mo yí kọ́kọ́rọ́, ojú Eérú là. Mo tan iná ńlá, àwọn kékeré rẹlẹ̀. Mo ní mo fẹ́ yà sọ́tùn-ún, iná ọ̀sán apá ọ̀tún panu mọ́ kí iná ìyànà lè sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí ìwà ọmọlúàbí. Mo pa mọ́tò, gbogbo wọn sùn. Mo ṣe é títí Ó-Kù-Díẹ̀ fi bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí ara kọ́kọ́rọ́ balẹ̀. Kọ́tìnì yàrá wa mira díẹ̀. Ẹnì kan ń yọjú wò wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kí n tó sùn, bí ẹ̀rín bá jẹ́ kí n kọ ọ́.

Mo gbé wọ́dúróòbù lọ fún oníbàárà. Mo dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn Eérú, mo fi aṣọ ibùsùn ilé-ìwòsàn bò ó, àlòkù tí Alága kó wálé: funfun, ó ní ìlà kan létí. Oòrùn ń ràn, iná ọ̀sán ń tàn. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ló ń ṣẹ́wọ́ sí mi: iná yín wà ní títàn o! Mò ń dá wọn lóhùn pé mo mọ̀. Mo dé oríta, ọlọ́pàá dá gbogbo ọkọ̀ dúró, ó kí mi bíi sójà. Bàbá kan ṣí fìlà. Mo wẹ̀yìn, mọ́tò mẹ́ta ti tò tẹ̀lé mi, gbogbo wọn tan iná. Mo sáré, wọ́n sáré. Mo rọra, wọ́n rọra.

A jọ dé ilé oníbàárà. Ó jáde, ó rí wa, ó figbe ta, "Ta ló kú?" Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú sọ̀kalẹ̀, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá ibí la ti máa kọ́kọ́ gbé bàbá àwọn wọlé. Mo ṣí aṣọ, mo fi wọ́dúróòbù hàn án. Òkú tiwọn ti gba ọ̀nà míì lọ.

Alága délé, ó ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Inú bọ́ọ̀sì tí ọlọ́pàá dá dúró ni ó wà! Ó ní àwọn obìnrin inú ọkọ̀ ń mí kanlẹ̀, wọ́n ń ní kí Ọlọ́run tu ẹbí olóògbé nínú. Òun sì rí ìlà etí aṣọ ilé-ìwòsàn. "Èmi náà ṣe àmín. Kí ni ǹ bá ṣe?" A rẹ́rìn-ín títí ará ìyàrá kejì fi gbá ògiri.

Mo bá lo àǹfààní ẹ̀rín. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé wàá wọ̀ ọ́ lọ́la?"

Ẹ̀rín dá. Ó ní, "Iná yẹn dáa. Láti orí òkè lọ́hùn-ún ni mo ti rí i pé ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ̀. Àmọ́ kì í ṣe iná, Bàbá Ìbejì." Ó lọ wẹ̀.

Ọjọ́rú, 20

Kì í ṣe iná. Kí wá ni?

Ọjọ́bọ̀, 21

Kùrukùru ní àfonífojì. Èmi nìkan. Mo rí tírélà kan lókèèrè tó yọrí jáde láti ya ẹni iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Ó rí iná ojú Eérú — ó padà sẹ́yìn! Ó wọ ojú ọ̀nà tirẹ̀ padà, ó dúró kí n kọjá. Mo pariwo nínú mọ́tò, kò sí ẹni tí mo lè fọwọ́ gbá léjìká.

Mo sọ fún Alága lálẹ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ó padà sẹ́yìn?" Mo ní ó padà sẹ́yìn. Ó ní kí n tún un sọ. Ó wá ń lọ apá aṣọ tó ti lọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Láàárọ̀, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ bí ìṣe mi. Kò lọ sí ibùdókọ̀. Ó wá dúró níwájú mi, ó na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Alága mọ mọ́tò wà, ó máa ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó aṣọ nínú ọgbà ilé-ìwòsàn. Kò kàn wa Eérú rí ni. Mo fún un. Ó wọlé, ó fa ìjókòó síwájú, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mo gba ilẹ̀kùn tí mo ṣí fún un wọlé, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Kùrukùru ti bo àfonífojì bámú. Ó rọra ń lọ, ó sì ń lọ dáadáa. Nǹkan ńlá kan dúdú yọ níwájú — ọkọ̀ epo, ojú ọ̀nà tirẹ̀ ló wà, kò ṣe ohun tó burú. Àmọ́ mo ti di ilẹ̀kùn mú. Kò sí sítíárìn níwájú mi, kò sí nǹkan kan, àfi dígí àti ọkọ̀ ńlá yẹn tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ ilẹ̀ mọ́tò, mò ń tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára. Ọkọ̀ epo kọjá jẹ́jẹ́.

Alága ò tiẹ̀ wò mí. Ó ní, "Kò sí búréèkì níbẹ̀, Bàbá Ìbejì. Mo ti wá a tì."

Mo fọwọ́ lé èjìká rẹ̀, ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. "Aago mẹ́rin ni mo máa ṣíwọ́. Ọjọ́ tí kùrukùru bá wà, èmi ni mo máa wà á. Tí kò bá sí, ẹ máa wà á, màá jókòó."

Mo ti tilẹ̀kùn ìsọ̀, mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, aago mẹ́rin ò tíì lù. Oòrùn mú, ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí kùrukùru níbì kankan. Mo ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbi sítíárìn.