Mo Ní Ó Yé Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá, 2025

Ọ̀dájú tún pa mí láyò lónìí. Ìgbà mọ́kànlá ni mo gbé e sínú mẹ́mọ́rì, ìgbà mọ́kànlá ni gbogbo ètò kú. Ọ̀dájú ni mo sọ fáìlì yẹn — èyí tó ń ka òṣùwọ̀n àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn fáìlì yòókù ń gbọ́ràn. Ètò wa, tí a fi èdè kọ̀ǹpútà Pascal kọ, á máa ṣiṣẹ́ lọ, bí òṣùwọ̀n kan bá dé, á ṣí fáìlì tirẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì, á pe iṣẹ́ inú rẹ̀, ó parí. Ọ̀dájú nìkan ló yàtọ̀. Ohun méje ló fẹ́ kí n kó fún un kó tó dáhùn. Èwo ló ṣáájú? Èwo ló kẹ́yìn? Mi ò mọ̀. Àgbà, ọ̀gá mi àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kú lóṣù tó kọjá, ó kó gbogbo ohun tí Àgbà kọ sínú rẹ̀ lọ. Èdè ẹ̀rọ tí èèyàn ò lè kà nìkan ló kù.

Ethan, ọ̀gá mi — mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bí i lọ́mọ — ní tó bá di Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún, tí kò ṣiṣẹ́, àwọn á lọ ra ètò ẹlòmíràn. Ó fẹ̀rín sọ ọ́. Bí wọ́n bá rà á, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe? Ọdún mẹ́rìnlá ní Lanham yìí, ní Amẹ́ríkà, Pascal nìkan ni mo mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ó kú.

Ọjọ́bọ̀, 9

Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á.

2019. Ọ̀sẹ̀ tí Àgbà — Ọ̀gá Oyèwálé — fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó ní kí n jókòó, ó ṣàlàyé Ọ̀dájú fún mi. Kò yé mi. Ó tún un ṣàlàyé. Kò yé mi. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti ń làágùn. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ pé kó tún bẹ̀rẹ̀? Mo ní, "Ó ti yé mi, sà." Ó ní ṣé kí òun kọ ọ́ sílẹ̀? Mo ní rárá, sà, ó ti wọlé. Inú rẹ̀ dùn, ó gbá mi léjìká.

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè. Ojú ń tì mí di òní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Mo wakọ̀ lọ sí Upper Marlboro, ilé Délọ́lá, ọmọ Àgbà. Mo ra ọsàn àti búrẹ́dì dání. Délọ́lá ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù: "Uncle, some days ó máa dá yín mọ̀, some days, not at all."

Ó dá mi mọ̀. Ó pè mí ní Fọláhàn, ó béèrè àwọn ọmọ. Mo fọgbọ́n mú ọ̀rọ̀ Ọ̀dájú wá. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìyẹn? Ṣebí mo ti fi lé ọ lọ́wọ́. O ní ó yé ọ."

Délọ́lá sìn mí dé ìdí mọ́tò. Ó ní bí ọkàn bàbá bá dàrú, tó ń dààmú pé iṣẹ́ òun á bàjẹ́, ohun kan ṣoṣo ló ń tù ú nínú: "Fọláhàn wà níbẹ̀. Ó yé e."

Mo ní kó kí bàbá, mo wakọ̀ lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Kò kú! Ó dáhùn! — Mo fi irin tọ́ọ̀nù kan dán an wò. Ó ní kílò mẹ́ta ni.

Kó kú sàn ju kó purọ́ lọ. Ta ni mo ń bá wí.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó.

Ọjọ́rú, 22

Mo to ohun méje náà síwájú, mo tò wọ́n sẹ́yìn. Kílò mẹ́ta. Òdo. Ó kú. Ó kú. Ó rẹ̀ mí dé egungun.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Ó parí. Ethan pè mí ní aago mẹ́ta. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ìparí oṣù ni kí n dá káàdì ilẹ̀kùn padà. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Mo padà sọ́dọ̀ Àgbà. Kì í ṣe torí iṣẹ́, kò síṣẹ́ mọ́. Mo kàn fẹ́ sọ òtítọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan.

Délọ́lá wà ní kíṣìnì. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mi ò dìde. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, sà. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ọ̀dájú ò yé mi lọ́jọ́ náà. Kò yé mi rí."

Ó fà mí lọ́wọ́ dìde, ó bá mi gbọn ṣòkòtò mi. Ó wá rọra bá mi sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀:

"Ẹ má dààmú, ọ̀gá mi. Iṣẹ́ yẹn le lóòótọ́. Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ wa ní Lanham, Fọláhàn lorúkọ ẹ̀. Ẹ ní èmi ni mo rán yín. Ó yé e dáadáa."