Àṣẹ Kan Tí Bọ́láwálé Fi Sílẹ̀

                                        Ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé,
                                        Àkúrẹ́.
                                        13 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ìbídùnní, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àánú ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣé Màmá ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn rìn? Ẹ kú òjò Oǹdó o. Ti ọ̀dọ̀ wa níbí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Mo ti ń pè ọ́ láti àárọ̀, fóònù rẹ kò lọ, ni mo ṣe kọ èyí, tí mo fi rán Adébáyọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kó fi ọkọ̀ àkọ́kọ́ mú un wá bá ọ. Kà á tán kí o tó ṣe ohunkóhun.

O mọ̀ pé ètò kọ̀ǹpútà tí olóògbé ọkọ rẹ, Bọ́láwálé, kọ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ni à ń parí. A ṣèpàdé láti yan àwọn àṣẹ kéékèèké tí yóò bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ọmọ ilé ìwé yóò máa tẹ̀ sójú ẹ̀rọ tó dúdú yẹn. Èyí tó ń ṣe àdàkọ, èyí tó ń wá nǹkan, èyí tó ń pa nǹkan rẹ́: kò sẹ́ni tó jà. Àfi nígbà tó kan "ku". Bọ́láwálé ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó lọ pé "kù" ló wà lọ́kàn òun: tẹ̀ ẹ́, kí o fi orúkọ rẹ tẹ̀lé e, yóò sọ iye àyè tó kù fún ọ lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù wa kò ní àmì ohùn.

Ni Peculiar, ọmọbìnrin tó kéré jù láàárín wa níbi iṣẹ́, bá pariwo. "Àǹtí Péjú, ẹ kà á sókè kí n gbọ́. Kú, Péjú! Ṣé ètò ẹ̀kọ́ lèyí àbí èpè?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Adébáyọ̀ ní ká yí i sí "ṣẹ́kù", ká tún gbogbo rẹ̀ dán wò. Mo ní rárá, àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ òkòwò ni pé ọjà tó bá pẹ́ dé, ọjà ẹlòmíràn ni. Kí n lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́, mo tẹ "ku peju" lójú wọn.

Nọ́ńbà ló yẹ kó jáde. Ohun tó jáde ni: Ó ku díẹ̀.

Ìbídùnní, ẹ̀rín parẹ́ lẹ́nu gbogbo wa. Adébáyọ̀ tú iṣẹ́ Bọ́láwálé wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí gbólóhùn yẹn níbẹ̀. Ó tẹ orúkọ tirẹ̀, nọ́ńbà jáde. Peculiar kọ̀, ó ní ìyá òun kò bí òun fún irú ìyẹn. A dìbò, a yọ "ku" kúrò.

Láàárọ̀ yìí, mo tan ẹ̀rọ tuntun kan tí a kò fi "ku" sí. O mọ̀ mí, àfi kí n fojú ara mi rí i. Mo tẹ "ku peju". Ó yẹ kó ní òun kò mọ àṣẹ náà. Ó dáhùn, pẹ̀lú àmì ohùn pípé, bí Bọ́láwálé ṣe máa ń fi sùúrù kọ orúkọ rẹ: Ó ku Ìbídùnní.

Orúkọ rẹ kò sí nínú ẹ̀rọ kankan níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí mo sáré fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tí o ti ń kọ́ni kí a tó ṣèpàdé, nítorí pé n kò lè dúró, "ku" ṣì wà nínú rẹ̀.

Má tan án. Bí o bá ti tan án, má tẹ orúkọ rẹ, má sì jẹ́ kí Àánú fi ṣeré. Bóyá àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Bóyá ẹni tó kàn fẹ́ kí ọ ni, tí kò rí àṣẹ mìíràn lò. Èmi kò mọ̀, àmọ́ n kò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni yóò dán an wò. Adébáyọ̀ yóò gbé e padà.

Bá mi kí Màmá. Peculiar ń kí ọ. Ó ní òun ti ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Èmi ni tìrẹ tí kì í lè dúró, tó ń bẹ̀ ọ́ báyìí pé kí o dúró,

Adépéjú.