Ìwọ̀n Bàbá Rẹ Tí Mo Fi Pamọ́

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ṣé ilẹ̀kùn yàrá rẹ yẹn ti ń tì dáadáa báyìí? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú ibú yóò máa ṣọ́ ọ láàárín èrò. Èmi wà, bàbá rẹ wà, àbúrò rẹ ti hu eyín méjì, èmi ló sì kọ́kọ́ fi gé jẹ. Kò sí aburú, àfi ọ̀rọ̀ kan tó wà lọ́kàn mi tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nílé yìí. Jọ̀wọ́, má ka lẹ́tà yìí sókè.

O mọ̀ pé aṣọ ìbòrí iwájú ọkọ̀ ìgbòkun bàbá rẹ ti gbó, èyí tó máa ń gba ìgbì lójú rẹ̀. Láti ìgbà tí atẹ́gùn ti fà á ya, àyà bàbá rẹ ni gbogbo omi ń parí sí, kó tó gbé èrò dé òdìkejì á ti máa wúkọ́ bí ewúrẹ́ tí eruku wọ̀ nímú. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí o fi nọ́ńbà télọ̀ ọkọ̀ yẹn ránṣẹ́, tí o ní yóò rán ìbòrí tuntun, yóò sì tún fi aṣọ yí gbogbo ibi tí bàbá rẹ ń dúró sí ká. Mi ò fura sí ìwọ o. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ni mo fura sí.

Lọ́jọ́ tó dé, bàbá rẹ ti lọ ra okùn. Ọkùnrin náà kò mú ẹyọ àkísà kan lọ́wọ́. Télọ̀ wo ló ń wá síbi iṣẹ́ láìmú aṣọ? Ọ̀rá tó ń dán ló mú wá. Ó nà án sórí àwọn irin títẹ̀ tó gbé ìbòrí ró, ó fi bírò dúdú fa ìlà síbí, ó fà á sọ́hùn-ún, ó ya fọ́tò ọkọ̀ níwájú, ó yà á lẹ́yìn, ó ká ọ̀rá rẹ̀, ó ní òun ń lọ. Mo bi í pé ṣé bó ṣe máa gbé àwòrán ọkọ̀ wa lọ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi tí mi ò tíì pé ogójì ọdún! Ẹni tó bá ń pọ́n ènìyàn lé tó báyẹn, ó ní ohun tó ń wá.

Lọ́jọ́ kẹta, fọ́ọ̀mù dé sórí fóònù mi. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo mọ fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí èyí ń béèrè. Ó ní kí ni gíga ẹni tí yóò wà nínú rẹ̀. Ó ní ṣé ìdúró ni yóò wà àbí ìjókòó. Kò dárúkọ ìdùbúlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Ó ní àwọ̀ wo la fẹ́, funfun àbí dúdú. Ó ní ṣé láti inú ni kí síìpù ti máa ṣí, àbí láti ìta. Alààyè wo ni wọ́n ń ti síìpù mọ́ láti ìta? Nísàlẹ̀ pátápátá ó kọ ọ́ pé omi kò ní í wọ inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Mo jókòó sórí àpótí. Bàbá rẹ sì ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé.

Mo ní mi ò ní í dáhùn, fóònù kọ̀, ó fi pupa yí ibi tí mo fò ká, ó ní dandan ni. Mo bá dúró ti ògiri, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sókè orí mi, mo wọn ara mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ dípò ti bàbá rẹ. Mo ní bó bá jẹ́ ibi ni, kó bá èmi. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán ni mo rántí ọmọ tó ṣì ń mu ọmú lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ti lọ.

Lánàá ni aṣọ dé. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ náà mọ́, síìpù ń lọ wẹ́rẹ́. Bàbá rẹ wọ inú rẹ̀, ó di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú, fèrèsé ọ̀rá tí wọ́n rán sí i láti máa wo iwájú bá a ní ọrùn. Bó bá nàró, aṣọ dúdú ló ń wò. Bó bá fẹ́ rí omi, àfi kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Èmi náà wọlé láti wò ó, àkọ́bí, mo rí òkun láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí wọ́n fi béèrè gíga. (Ti síìpù yẹn ò tíì yé mi o.)

Bàbá rẹ ní ọ̀mùtí ni télọ̀. Ó ti tú gbogbo rẹ̀ kúrò, ìhòòhò ni ọkọ̀ jáde láàárọ̀ yìí, omi sì ti tún na àyà rẹ̀ kó tó padà. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì òun ń bọ̀ wá da aṣọ náà sí ọkùnrin yẹn lójú níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ṣẹ̀, èmi ni mo parọ́, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún ọkọ mi pé mo ti wọn ara mi fún ikú nítorí rẹ̀.

Jọ̀wọ́, lọ bá télọ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Bẹ̀ ẹ́ fún mi. Kó sọ fún bàbá rẹ pé òun yóò gbé fèrèsé náà sókè, kó má sì sọ ìdí. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá mi san ti ọ̀rá tuntun, kó o sì fi díẹ̀ lé e fún oògùn ikọ́. Ọwọ́ rẹ kò ní í gbẹ, ojú rẹ kò ní í ríbi, ibi tí o bá gbà lọ ni wàá gbà bọ̀ láyọ̀.

Okùn tí mo ká sínú lẹ́tà yìí ni ìwọ̀n bàbá rẹ. Ara òpó ilẹ̀kùn ni mo ti wọ̀n ọ́n nígbà tó ń mumi, kò mọ̀. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojú ni, mi ò dé orí. Ojú ló fẹ́ fi wo omi, ojú náà ni mo wọ̀n dé, ìyókù wà lọ́wọ́ mi. Dúró ti ọkùnrin náà bó ṣe ń lò ó. Òòró ni kó mú okùn yẹn. Bó bá fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀, já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sì máa bọ̀ nílé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.