Mo Rò Pé Ìwọ Lò Ń Dárúkọ Mi

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun,
                                        Òṣogbo.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ògúnrántí, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ayọ̀ḿpọ̀sí ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti gbogbo ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà? Iṣẹ́ ńkọ́? Mi ò ní béèrè bóyá ò ń sinmi, mo mọ̀ pé ọmọ Òṣómàáló kì í jókòó. Àwa níbí ń dúpẹ́. Fàtímọ̀ ìyàwó mi ní kí n kí ọ, kí n má sì gbàgbé láti dúpẹ́ iṣu tó o fi ránṣẹ́. Alihamudulilahi, a ti jẹ ẹ́ tán.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Wisdom ọmọ rẹ sọ fún Fàtímọ̀ pé o pè mí títí, pé nígbà tí mo gbé fóònù, ńṣe ni mò ń sọ "ẹn, ẹn," tí mo sì gé e mọ́ ọ lẹ́nu. Ògúnrántí, mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò gbọ́ ohun tó o sọ ni. Ohùn rẹ ń dé bíi ti ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́ nìyẹn. Má pè mí mọ́. Etí mi ti lọ.

Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Humairah, ọmọ tí Ikhlas ọmọ mi bí, lohùn rẹ̀ kọ́kọ́ sọnù mọ́ mi. Ó máa ń wá ké kéwú fún mi ní ọjọ́ Àlàmísì kí n lè bá a tún un ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà pé kó gbé ohùn sókè. Ọmọ náà á tún un kà, omi á lé sójú rẹ̀. Fàtímọ̀ ní ariwo lọmọ yẹn ń pa, pé àwọn ará ojúlé kejì ń gbọ́ ọ. Mo ní irọ́ ni. Nígbà tó yá, àwọn ará àdúgbò ń sọ pé mo ti ń gbéra ga, pé wọ́n kí mi, mi ò dáhùn. Ìwọ tó o mọ̀ mí, ṣé èmi ni wọ́n máa kí tí mi ò ní dáhùn?

Èyí tó dùn mí jù ni ti iṣẹ́. Ṣé o rántí pé nígbà tá a jọ ń kọ́ṣẹ́, Ọ̀gá wa Béjidé, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé etí la fi ń lu ara mọ́tò, kì í ṣe ojú? Bí ibi tó tẹ̀ bá ti jókòó dáadáa, irin á dún gooro. Bí kò bá tíì jókòó, ìró rẹ̀ á kú. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ki òwú bọ etí. Ó ní ọ̀lẹ ló ń dí etí sí irin. Lóṣù tó kọjá, mò ń lu ilẹ̀kùn mọ́tò kan, mò ń retí kó dún gooro. Mo lù ú, mo lù ú, títí irin fi fẹ́lẹ́, tó sì ya. Ó ti dún tipẹ́, èmi ni mi ò gbọ́. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì, mo sunkún bí ọmọdé.

Ikhlas ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó ń wo etí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Julianah, fi mí sínú yàrá kékeré kan, ó fi nǹkan bo etí mi, ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnì bí mo bá ti gbọ́ ìró. Mo jókòó síbẹ̀ títí, mo rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà ló ya àwòrán fún mi, Ikhlas sì ń kọ ohun tó ń sọ sínú ìwé kí n lè kà á. Ó ní etí tá a ń fọwọ́ fà yìí, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Nínú lọ́hùn-ún, nǹkan kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, omi ló kún inú rẹ̀. Àwọn irun wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí ló tò sínú rẹ̀. Bí ìró bá wọlé, omi á mì, irun á tẹ̀, irun tó bá tẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ìró báyìí ló dé. Àwọn irun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìkarahun náà ló ń gba ohùn tínínrín bíi ti ọmọdé, àwọn tó wà ní ìkángun lọ́hùn-ún ló ń gba èyí tó ki. Bí ariwo ńlá bá dé, wọ́n á wó lulẹ̀. Bí wọ́n bá sinmi, wọ́n á dìde. Ìdí nìyẹn tí etí wa fi máa ń di tá a bá ṣíwọ́ iṣẹ́, tó sì máa ń là tílẹ̀ bá mọ́. A rò pé ó ti tán nìyẹn. Dókítà ní ní gbogbo ìgbà tó ń là yẹn, àwọn irun kan wà tí kì í dìde mọ́, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló sì kọ́kọ́ ń kú. Mo rántí Humairah.

Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa hù padà. Ṣebí irun orí mi tí mò ń fá ní gbogbo Jímọ́ọ̀ ń hù. Dókítà wolẹ̀. Ó ní ti ènìyàn kì í hù, pé iye tí a bá bí mọ́ wa la máa lò títí. Ó ní ti adìyẹ ló ń hù. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Òótọ́ ni o, Ògúnrántí, adìyẹ! Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wo adìyẹ Fàtímọ̀ lójú mọ́. Kò lu irin rí láyé ẹ̀, òun ni etí tuntun ń dúró dè. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mo máa ń fi sí etí. Mò ń gbọ́ ariwo ṣíbí, mò ń gbọ́ fèrè ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èèyàn kò yé mi. Dókítà ní ibi tí irun bá ti kú, kò sẹ́ni tí ẹ̀rọ fẹ́ gbé ìró fún.

Ó ku ohun kan, òun ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí sí ìwọ gan-an. Ṣé o rántí bí etí mi ṣe máa ń hó, láti ìgbà tá a ti gba fìrídọ̀ọ̀mù? Wọ́n kọ́ wa pé bí etí bá hó, ẹnìkan ló ń dárúkọ ẹni. Mo máa ń ṣe asalátù fún Ànábì, lẹ́yìn náà mà á gbé fóònù, mà á ní, "Ògúnrántí, kí lò ń sọ nípa mi?" Ìwọ náà á rẹ́rìn-ín, wàá ní, "Mo mà ń dárúkọ rẹ lóòótọ́ o." Inú mi á dùn dọ́jọ́ kejì. Mo fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún dókítà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí irun náà bá ti ń bàjẹ́ ni etí ń hó, pé ìkìlọ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí mò ń pè ọ́ tí inú mi ń dùn, etí mi ló ń kú lọ.

Ìwọ ṣì ń lu irin. Nígbà Iléyá, o sọ fún mi pé etí tìrẹ náà ń hó, mo sì ní èmi ni mò ń dárúkọ rẹ. Jọ̀wọ́, wá nǹkan dí etí rẹ. Lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò n'Íléṣà. Jẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ náà dí tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní ọ̀lẹ, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é. Ọ̀gá wa kò mọ̀ ni. Tá a bá kí i tí kò dáhùn, tó tún ń pariwo mọ́ wa, a rò pé ìkanra ni. Kò gbọ́ wa ni.

Tèmi ti tán. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé mò ń fara dà á. Humairah ṣì ń wá ní ọjọ́ Àlàmísì. Mò ń wo ẹnu rẹ̀, mò ń mi orí. Bó bá ṣì í kà, mi ò lè mọ̀ mọ́. Ọmọ náà rò pé òun ti mọ̀ ọ́n kà dáadáa ni.

Bá mi kí Ayọ̀ḿpọ̀sí, kí Wisdom, kí gbogbo ilé. Fàtímọ̀ ní bí òjò bá ti dá, òun ń bọ̀ wá kí yín.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń hó. Kì í dákẹ́ mọ́. Láyé ìgbà kan, ǹ bá ní Ògúnrántí kò ṣiṣẹ́ lónìí, orúkọ mi ṣáá ló ń pè. Ní báyìí, mo ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pè mí. Bó o bá wá dárúkọ mi lóòótọ́, jọ̀wọ́, kọ ọ́ sínú ìwé.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí síbẹ̀,
                                        Mùyídéènì.