Uná Olójú-oorun

Bàbá mi ọ̀wọ́n, bàbá Olójú-oorun,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Mo ti yọ gbogbo rọ́bà afẹ́fẹ́ inú Olójú-oorun, ọkọ̀ yín. Bátìrì ló ń gbé ojú rẹ̀ sókè báyìí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mélòó ni ẹ fi ń lẹ rọ́bà wọ̀nyẹn, tí ẹ ń fi ẹnu fà wọ́n wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan? Kò sí irú ọkọ̀ náà mìíràn ní Adó: pupa, kékeré, onílẹ̀kùn méjì, ọkọ̀ eré tí iná iwájú rẹ̀ ń sá pamọ́ sínú ara rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ẹ bá fa bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ sítíárìn, ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́ inú rọ́bà, ojú méjèèjì á sì là. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gun òkè, tí ẹ́ńjìnnì ń làkàkà, agbára tó fi ń fa afẹ́fẹ́ á dínkù, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ bíi ti ẹni tó jẹ iyán yó. Ẹ ó gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ lórí irin tí ń mú un sáré, ojú á tún là, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹ̀yin àti òun jọ ń sọ̀rọ̀ ni.

Èmi ò ní ọgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn. Lóṣù tó kọjá, mo gbé Màmá bọ̀ láti àsàlátù ní Ìyìn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Bí a ṣe ń gun òkè kan, Olójú-oorun di ojú méjèèjì. Mi ò rí ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ níwájú wa àfi ìgbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ọlọ́hun ló yọ wá. Mo gbé Màmá délé. Ìgbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ tí ń sùn lójú ọ̀nà mọ́ láé, kí n wá ẹni tí yóò rà á. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ yín ló tẹ́ gbogbo páànù ara ọkọ̀ yẹn, ta ni kí n tà á fún?

Bí mo ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ ríwáyà kan, ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ní Fájuyì nìyẹn, kí ó fi ẹ̀rọ kékeré méjì tí ń lo bátìrì rọ́pò rọ́bà.

Bàbá mi, ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Ẹ rántí ohun tí ẹ fi ọ̀dà funfun kọ sábẹ́ bọ́tìnì náà: UNÁ. Bí a ṣe ń pe iná ní èdè ilé wa ni ẹ ṣe kọ ọ́. Ọdún tí mo wọ ilé-ìwé gírámà, àwọn ọ̀rẹ́ mi wá kí mi, ọ̀kan kà á, ó sì rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo mú bíléèdì, mo ha ẹsẹ̀ kan U àti ìdí rẹ̀ kúrò, ó di INÁ. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kì í tilẹ̀ ṣe ohùn, bíléèdì ni.

Ẹ rí i, ẹ ò sì bi mí. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá dé, ẹ ó kí wọn ní ṣókí, ẹ ó sì lọ sẹ́yìnkùlé. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń pè yín. Ṣé èmi ni mo pa yín lẹ́nu mọ́?

Ríwáyà yọ rọ́bà tán, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Ẹ ti fi pílásítà di orí méjèèjì, ẹ sì fi bíírò kọ orúkọ sí i: UNÁ Ọ̀TÚN, UNÁ ÒSÌ. Ṣùgbọ́n ẹ fa igi la U kọ̀ọ̀kan, ẹ wá kọ I sórí rẹ̀. Nínú ikùn ọkọ̀, níbi tí ẹnì kankan ò lè rí i, ẹ ṣe àtúnṣe tí ọmọ yín fẹ́. Mo jókòó sórí táyà ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, mo ń sunkún, ríwáyà rò pé owó iṣẹ́ ló dùn mí.

Èmi náà ni mo wá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá báyìí, tí mò ń sọ fún wọn pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ ò rí mi bí?

Iṣẹ́ náà dára. Ẹyọ ohun kan ni mi ò fẹ́ràn. Ẹ rántí pé bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, tí ẹ sì gbàgbé bọ́tìnì, ojú rẹ̀ á rọra máa wálẹ̀, ẹ ó sì jókòó tì í títí yóò fi sùn. Bátìrì kì í tòògbé. Tí n bá ti bọ́tìnì padà, pàá ló ń dijú. Mo ṣì máa ń jókòó díẹ̀ níbẹ̀ ṣáá.

Màmá gbà láti wọ̀ ọ́ ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Nígbà tí a dé orí òkè ọjọ́sí, ẹsẹ̀ mi gbéra fúnra rẹ̀ bíi tiyín, bẹ́ẹ̀ ojú ọkọ̀ là kedere, kò nílò rẹ̀. Màmá rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá tẹjú mọ́ abẹ́ bọ́tìnì, níbi tí mo ti fi ọ̀dà funfun dá ẹsẹ̀ U padà. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ, wọ́n kà á sókè bí ẹ ṣe máa ń pè é gan-an: Uná.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó mú bíléèdì, tó sì fẹ́ràn yín ju bí ó ṣe fi hàn lọ.